Apá Òsì Bàbá Rẹfirí

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn aláìsàn títí ẹnu á fi máa ro mí: "Láti orí òdo dé orí ẹ̀wá, mélòó ni ìrora yín?" Tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ bá sọ pé méjì, méjì ni mo máa kọ sílẹ̀. Tí ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù bá gbójú sókè tó ní mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án náà ni mo máa kọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ohun tí aláìsàn bá pe ìrora rẹ̀ ni kí o pè é. Wọn kò gbà wá síṣẹ́ láti dájọ́.

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí n tó bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan nítòsí Adelphi, nílẹ̀ òyìnbó níbí, tí àpò ìtọ́jú wà léjìká mi, tí ọkùnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń fi igi lé bọ́ọ̀lù kan tí kò tó ọsàn, tí bàbá arúgbó kan tó mú fèrè lọ́wọ́ sì yíjú sí mi tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ló ń dùn ún?"

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, òyìnbó tí ìyá ìyá rẹ̀ wá láti Ireland. Gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá wọlé sẹ́nu iṣẹ́, ibì kan á ti wú lára rẹ̀: lónìí ojúgun, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú ni. Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì nìkan wà ní yàrá oògùn, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kò sí nǹkan nílé?" Ó wò mí, ó yé e, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àpótí tó wà nílẹ̀.

"Hurling ni," ó ní. "Eré ìdárayá ni o. Àwọn baba ńlá wa ti ń gbá a tipẹ́tipẹ́. A ní ẹgbẹ́ ọkùnrin, a ní ti obìnrin. Wá wò ó."

Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Igi tí wọ́n ń lò dà bí omorogùn ńlá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ awọ, ó sì le. Wọ́n lè fi igi gbé e lọ tí wọ́n á máa sáré, wọ́n lè gbá a lófuurufú kí ó fò kọjá ìdajì pápá. Òpó méjì ni wọ́n rì sí ìkángun kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀pá kan dábùú wọn láàárín. Bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè ọ̀pá yẹn kọjá, ẹyọ máàkì kan ni. Bó bá gba ìsàlẹ̀ wọ inú àwọ̀n, máàkì mẹ́ta ni. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kú.

Nígbà yẹn ni ó bẹ̀ mí. Ẹni tó máa ń dúró tì wọ́n láti tọ́jú ẹni tó bá fara pa ti kó lọ sí Texas. Ọ̀sán Sátidé nìkan ni, wákàtí méjì péré. Àwọn ìbejì mi ti lọ sí yunifásítì, ilé ti pa lọ́lọ́. Mo ní màá lọ.

Ọkọ mi ò rí ìdí rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi igi na ara wọn?"

"Bàbá Ìbejì, mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni."

"Ìwọ náà àti kí n ṣáà mọ̀," ó ní, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá tó ń ṣe rẹfirí ló kọ́kọ́ wá kí mi ní Sátidé àkọ́kọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Ireland ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ó ti pẹ́ níhìn-ín. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ibùdó ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun tó wà lẹ́bàá Camp Springs, kó tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ, ṣùgbọ́n létí tèmi, "o" ni bàbá yìí ń pè mí, "ẹ" ni èmi sì ń pè é.

"Òfin kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ," ó ní. "Má wọ pápá àyàfi tí mo bá gbé apá sókè. Tí mo bá sì gbé e, sáré."

Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé apá sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹnì kan náà ni mo sáré lọ bá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó síngbọnlẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Igi ẹlòmíì á kàn rọra kàn án léjìká, á ké, á di akoto orí rẹ̀ mú, á yí gbirigbiri nínú koríko. Òfin eré náà ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan orí ẹnikẹ́ni, rẹfirí gbọ́dọ̀ dá eré dúró lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo bi í ní ìbéèrè mi: láti orí òdo dé orí ẹ̀wá.

"Mẹ́sàn-án," ó ní, ó dijú pa.

Mo tan iná sí ẹyinjú rẹ̀, mo bi í pé ọjọ́ wo la wà, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n fún un ní gbígbá ọ̀fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló dìde gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba òkè ọ̀pá kọjá bí ẹyẹ. Mo dúró, mo ń wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrora mẹ́sàn-án ti di òdo. Lọ́dọ̀ wa ní wọ́ọ̀dù, oògùn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò sí.

Mo délé, mo ròyìn fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń díbọ́n ni. Ṣé o ò tíì wo bọ́ọ̀lù rí ni? Wọ́n á ṣubú bí ẹni tí ìbọn bà, tí fèrè bá ti dún tán, wọ́n á dìde."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Kì í ṣe pé ó bí mi nínú. Ó kàn ń wù mí láti mọ̀ ni. Èmi tó jẹ́ pé gbogbo ayé mi ni mo fi gba ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn gbọ́, mo wá rí ibi tí ẹnì kan ti ń ké, tí gbogbo ènìyàn sì ń rò pé irọ́ ni. Láti Sátidé kejì, mo fi ojú sí i. Mo rí i pé ẹni tó bá fara pa ní tòótọ́ kì í sábà pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dákẹ́ ná, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan láti òkèèrè. Kì í yí gbiri, nítorí kò fẹ́ kí ibẹ̀ mì. Ẹni tó bá ń díbọ́n, kí ó tó dé ilẹ̀ ni á ti yíjú wá rẹfirí.

Ní Sátidé kẹta ni bàbá bi mí ní ìbéèrè tí mo sọ lókè yẹn. Onírùngbọ̀n wà nílẹ̀, ó di orí mú.

Mo ní, "Ó ní mẹ́jọ ni, sà."

"N kò bi ọ́ ní iye tó pè é. Mo ní ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá ń díbọ́n, káàdì yẹ́lò ló tọ́ sí i. Òfin sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tọ́jú rẹ̀. Èmi kọ́ ni ẹlẹ́rìí yín. Bí mo bá pè é ní onírọ́ lónìí, tó bá fara pa lọ́la, kò ní sọ òótọ́ fún mi mọ́."

Ó mi orí, ó sì fọn fèrè. Mo rò pé mo ti bí i nínú. Nígbà tí eré parí, tí mo ti kírun Àìlà tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi, mo rí i tó ń bọ̀, ó gbé fíláàsì tíì kan dání àti kọ́ọ̀bù méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni tíì Sátidé wa ṣe bẹ̀rẹ̀. A máa ń jókòó sórí àga ìnàjú onígi tó wà létí pápá. Ó sọ fún mi pé nígbà tóun wà ní ọ̀dọ́, nínú abúlé wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ díbọ́n. Ìtìjú ńlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ti gbá gbogbo ìdajì kejì eré kan pẹ̀lú ìka tó kán, ó fi okùn bàtà dì í, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ àfìgbà tó di ọjọ́ kẹta.

Mo wo ìka náà. Ó ṣì wọ́ títí dòní.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà díbọ́n nìyẹn, sà."

"Èmi?"

"Ẹ díbọ́n pé kò dùn yín. Onírùngbọ̀n díbọ́n pé ó dun òun. Lọ́dọ̀ tèmi níbi iṣẹ́, àwọn tó ń ṣe bíi tiyín ló ń kó mi sí wàhálà jù. Wọ́n á ní méjì, méjì, títí wọ́n á fi dákú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bu tíì sí i fún mi.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìkùnsínú. Àwọn àgbábọ́ọ̀lù ní bàbá ti ń bàjẹ́. Ó ń fọn fèrè fún ohun tí kò sí, ó sì ń jẹ́ kí ohun tó wà kọjá. Àwọn kan ní ó ń ṣojúsàájú. Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí rẹfirí tó dáa tó o ní gbogbo agbègbè yìí, pé ó máa ń rí ìka tó bá di aṣọ ẹlòmíì mú láti ìkángun pápá. "N kò mọ ohun tó dé," ó ní. "Bóyá ọjọ́ orí ni."

Lẹ́yìn náà ni ti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lórí igi rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan dá igi bò ó láti ẹ̀yìn, ó bà á ní ọrùn ọwọ́. Èmi tí mo wà lọ́nà jíjìn gbọ́ ìró rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ké. Ó kàn dúró, ó di ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá kò jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, kò sì fọn fèrè. Eré ń lọ. Mo ń wo apá bàbá, kí ó gbé e sókè. Kò gbé e. Mo rú òfin rẹ̀, mo sáré wọ pápá láìgbàṣẹ, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá.

"Mélòó?" Mo bi ọkùnrin náà.

"Bóyá mẹ́rin," ó ní. Ètè rẹ̀ ti funfun.

Ọwọ́ rẹ̀ kán síbi méjì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yẹn pín lẹ́tà láti ilé dé ilé!

Bàbá sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ le. "Ta ló ní kí o wọlé?" Ó rí ọwọ́ náà. Ó ń wò yíká bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. "N kò rí i," ó ní. Wọ́n pariwo lé e lórí gan-an lọ́jọ́ náà, n kò ní tún ohun tí wọ́n sọ sọ.

Ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo rí Onírùngbọ̀n tó ń kó igi rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Mo lọ bá a. Mo ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí o bá fẹ́ ṣubú, báwo lo ṣe ń mọ ibi tí o máa ṣubú sí?"

Ó wú u lórí pé mo bi í. Olùkọ́ ni, ó fẹ́ràn kí wọ́n bi í léèrè. "Òsì rẹ̀ ni," ó ní. "Tí mo bá ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tún bàbá, á ní kí n dìde kúrò ńlẹ̀ kí n yéé ṣe bí ọmọdé. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo ṣubú sí, tí mo sì ké dáadáa, á fọn fèrè."

"Kí ló fà á?"

Ó gbé èjìká. "N kò mọ̀. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ ni."

Mo jókòó sínú mọ́tò mi, n kò tíì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Apá òsì. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà wà lápá òsì rẹ̀, kò sì ké. Onírùngbọ̀n máa ń wà lápá òsì, ó sì máa ń ké. Etí ni bàbá fi ń dá ẹjọ́ lápá ibẹ̀. Mo gbójú sókè, mo wo mọ́tò bàbá tó wà níwájú mi. Wọ́n ti fi téèpù dúdú lẹ dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì ti ha. Dígí apá òsì ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo da tíì. Mo gbé kọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lápá òsì rẹ̀, díẹ̀ sẹ́yìn ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Kò mú un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "O ò fún mi ní tíì lónìí." Nígbà tó yípo láti mú fíláàsì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá kọ́ọ̀bù náà dànù, ó ta gìrì, tíì gbígbóná dà sórí ṣòkòtò rẹ̀.

Mo ní, "Sà, láti ìgbà wo ni ẹ kò ti ríran lápá yẹn?"

Ó dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. "Mo ń rí gbogbo nǹkan."

"Sà, kọ́ọ̀bù náà..."

"Mo ní mo ń rí gbogbo nǹkan! O ò fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí lórí onírọ́ yẹn, àmọ́ o lè dẹ pàkúté fún arúgbó." Ó kó fíláàsì rẹ̀, ó lọ.

Òótọ́ ló sọ. Pàkúté ni mo dẹ fún un, ìtìjú sì mú mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bí mo bá kí i, á mi orí lásán. Tí eré bá parí, á wọ mọ́tò rẹ̀, á lọ. Mo máa ń wo mọ́tò náà bó ṣe ń jáde sójú títì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ nìyẹn.

Mo rò pé kí n sọ fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Ọkọ mi ní rárá. "Àgbàlagbà ni. Wọn kì í tú àgbàlagbà síta lójú àwọn ọmọdé. Lọ bá a nílé rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín. Tó bá lé ọ, ìgbà yẹn ni kí o wá sọ fún wọn."

Mo gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì lọ sí Camp Springs ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí n kò níṣẹ́. Bàbá wà níwájú ilé, ó ń kó ewé jọ. Apá ọ̀tún àgbàlá ti mọ́ tónítóní. Ewé ṣì kún apá òsì. Ọkọ̀ òfúrufú ńlá kan kọjá lórí wa, tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ̀rọ̀. A kàn dúró, a ń wo ara wa, títí tó fi kọjá.

"Mo wá bẹ̀ yín ni," mo ní. "Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú kọ́ọ̀bù yẹn kò dáa. Ó yẹ kí n bi yín tààrà."

Ó fi ọwọ́ lé ìgbálẹ̀ onírin rẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì," ó ní. "Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí jígí ojú mi ni. Ìyàwó mi ló máa ń rán mi létí kí n lọ rí dókítà. Lẹ́yìn tó kú, kò sẹ́ni tó rán mi létí mọ́." Ó fi ìgbálẹ̀ náà fa ewé díẹ̀ mọ́ra. "Tí mo bá sọ, wọ́n á gba fèrè lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá gba fèrè, kí ni màá máa jí ṣe ní Sátidé?"

Mo ní, "Sà, ẹni tó ń pín lẹ́tà yẹn ń bọ̀ wá sàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé mọ́tò yín ló gbá a ńkọ́?"

Ó wo dígí tó fi téèpù lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé wàá bá mi lọ?"

Èmi ló wa mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n gbé orí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí igbá funfun tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀, wọ́n bo ojú kan, wọ́n fi bọ́tìnì sí i lọ́wọ́. Iná kéékèèké á máa tàn níbí, á máa tàn lọ́hùn-ún, gbogbo ìgbà tó bá rí ọ̀kan, kó tẹ bọ́tìnì. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó sínú yàrá náà. Ọ̀tún lọ dáadáa. Nígbà tó kan òsì, mo gbọ́ bọ́tìnì náà: tẹ́, tẹ́, tẹ́, ó ń lọ déédéé bí aago ara ògiri. Ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò mí, ó sì rọra sọ pé, "Bàbá, iná kankan kò tàn ní ìṣẹ́jú àáyá yìí o. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá rí i nìkan."

Bọ́tìnì dákẹ́. Ọmọbìnrin náà tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń rọra kùn. N kò gbọ́ bọ́tìnì. Ó pẹ́ gan-an. Mo mọ̀ pé iná ń tàn nínú igbá funfun yẹn, níbí àti lọ́hùn-ún, n kò sì gbọ́ bọ́tìnì.

"N kò rí nǹkan kan," bàbá ní, láti inú ẹ̀rọ náà. Ohùn rẹ̀ kéré. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú, n kò tíì gbọ́ ohùn tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Gulokómà ni. Dókítà ní ó máa ń jẹ ojú láti etí wá sí àárín, láìsí ìrora rárá. Ìyẹn jọ mí lójú: òdo nínú ẹ̀wá, síbẹ̀ ó ń jà á lólè. Ohun tó ti lọ ní ojú òsì kò lè padà. Ojú ọ̀tún ni wọ́n máa fi oògùn kíkán gbà là, ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sì ní kó má wa mọ́tò mọ́ títí wọ́n á fi tún un yẹ̀ wò.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn àgbábọ́ọ̀lù. Èmi ni mo gbé e lọ ní Sátidé náà. Ó kó wọn jọ sí àárín pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó yíjú sí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìdè, ó ní kó má bínú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sí ariwo. Onírùngbọ̀n bọ́ akoto rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ìwọ ti mọ̀," bàbá ní. "Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀, kí èmi tó gbà."

Ojú Onírùngbọ̀n pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ.

Obìnrin kan láti Virginia ló ń ṣe rẹfirí fún wọn báyìí. Ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ní eré àkọ́kọ́ rẹ̀, Onírùngbọ̀n ṣubú ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ké dáadáa. Kò tiẹ̀ bi mí ní ohunkóhun. Ó yọ káàdì yẹ́lò fún un bó ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá tó jókòó tì mí fò dìde, inú rẹ̀ dùn, ó ń pàtẹ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tó tún fò dìde, tó ń pariwo lé obìnrin náà lórí pé ẹjọ́ tó dá kò tọ̀nà, pé irú rẹfirí wo nìyí. Mo fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó. Ó jókòó, ó ń hó wùrùwùrù bí àwọn tó kù.

Mo ti bi Onírùngbọ̀n léèrè pé kí ló dé tó ṣì ń ṣubú, nígbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó rò ó dáadáa kó tó dáhùn. Ó ní nígbà mìíràn, bí igi bá kan òun, tí òun sì ti wà nílẹ̀, òun fúnra òun kì í mọ̀ bóyá ó ń dun òun tàbí kò dun òun. Ó ní ariwo náà ti máa ń jáde kí òun tó yẹ ara òun wò. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ṣì ń rò ó tí mo bá ń rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pe bàbá lórí fóònù, tí mo bá ti kírun Mọ̀ngàríbì tán, láti bi í nípa oògùn ojú rẹ̀. Lánàá, ó gbé fóònù náà kíá.

"Ṣé ẹ ti kán an, sà?"

"Mo ti kán an."

"Lóòótọ́?"

Mo gbọ́ bó ṣe ń ti àga sẹ́yìn.

"Dúró dè mí," ó ní. "Jẹ́ n lọ kán an."